Epo ni Ìyá Ọṣẹ: Ìtàn Àbàwọ́n àti Kápẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀

Nígbà tí a bá dárúkọ ìtàn, ọba àti ogun ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí abẹ́ ẹsẹ̀ ni ó wà. Ìtàn àbàwọ́n ni: àbàwọ́n epo, ti ilẹ̀ pupa, ti obì, ti ẹ̀jẹ̀ àgbò ọdún Iléyá, bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, àti ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn wa fi ń bọ́ wọn kúrò. Bí ó bá ya òǹkàwé lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé àṣà, kí ó fi ara balẹ̀. Nínú ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni a ti lè mọ irú ọjà tí onítọ̀hún ń ná, irú ọ̀nà tí ó ń tọ̀, àti nígbà mìíràn, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ náà ti wá.

Òkè-Odò ni mo fi ṣe ibùjókòó ọ̀rọ̀ mi. Ó wà ní Alímọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, létí títì tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, láàárín Ìyànà-Ìpájà àti Abúlé-Ẹ̀gbá. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ara Ìkẹjà ni wọ́n ti yọ ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín in sí wẹ́wẹ́, Àgbàdo àti Òkè-Odò sì di ìjọba ìdàgbàsókè kan náà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye tí àwọn fúnra wọn kà lé ní 2,000,000. Èyí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, ènìyàn pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ọkọ̀ pọ̀, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà sì pọ̀. Ọjà ńlá kan wà létí títì náà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀: èso, ata, tòmátì, epo. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé, ohun tí ó bá sì ń jò ń jò sí ilẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ jìnnà. Orúkọ ìlú náà dùn mọ́ mi nínú fún ohun tí mo ń wí. Odò ni a máa ń gbé aṣọ lọ fọ̀ láyé àtijọ́, kì í ṣe pé a ń gbé odò wá bá aṣọ. Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni ó yí èyí padà. A kàn án mọ́lẹ̀, a kò lè gbé e lọ síbì kankan, a kò lè fún un, a kò sì lè sá a sórí koríko. Odò ni ó gbọ́dọ̀ wá bá a nínú kẹ́ẹ̀gì tàbí nínú ọ̀pá ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú ìṣòro tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ni ó ti ibẹ̀ wá.

Ìtàn kan wà nípa Ọbàtálá tí àwọn àgbà máa ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ díẹ̀ láti ẹnu kan sí èkejì. Wọ́n ní Ọbàtálá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá kìlọ̀ fún un pé ìrìn náà kò sunwọ̀n. Nígbà tí ó takú pé òun yóò lọ, wọ́n ní kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta dání pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó má sì kọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀wẹ̀ lójú ọ̀nà. Èṣù jókòó dè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kìíní, ó ní kí ó bá òun gbé ẹrù epo rù, ó sì da epo pupa lé aláṣọ funfun lórí. Ní ìgbà kejì ó da èédú lé e lára. Ní ìgbà kẹta, àdín ni. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọbàtálá kò bá a jà. Odò ni ó lọ, ó wẹ̀, ó pa aṣọ dà, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn náà nítorí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù kò kan ọ̀rọ̀ wa, àfi kí a kàn rántí pé ohun ìrìnnà ni ẹṣin náà jẹ́ nígbà ayé wọn.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni bí àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe mọ àbàwọ́n tó. Wọn kò kàn sọ pé ìdọ̀tí ta sí i. Wọ́n yan mẹ́ta: ọ̀kan pupa, ó sì jẹ́ ọ̀rá, ọ̀kan dúdú, ó sì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀kẹta dúdú, ó sì tún jẹ́ ọ̀rá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fọ kápẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bí a ti ń bọ́ èédú, ọ̀tọ̀ ni bí a ti ń bọ́ epo. Èédú gbígbẹ, gbígbọ̀n ni à ń gbọ̀n ọ́n kí omi tó kàn án. Bí a bá bu omi sí i kíákíá, ó di ìyeyè. Epo ní tirẹ̀ kò ka omi lásán sí, ọṣẹ ni ó ń bẹ̀rù.

Níbo wá ni ọṣẹ ti wá? Ibí yìí ni ìtàn náà ti wù mí jù. Inú epo ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú nìyí: wọn yóò kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìdì ẹyìn tí a ti gbọn ẹyìn rẹ̀ kúrò, tàbí èèpo kòkó láti ìgbà tí kòkó ti dé ilẹ̀ wa; wọn yóò sá a gbẹ, wọn yóò sì sun ún di eérú. Wọn yóò kó eérú náà sínú ìkòkò tí a lu ní ìdí, wọn yóò máa bu omi lé e, omi yóò sì máa kán sínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ta púpọ̀, ó lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Òun ni wọn yóò gbé kaná pẹ̀lú epo tàbí àdín, tí wọn yóò máa rò ó títí tí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Epo ni ìyá, eérú ni baba. Ọmọ tí wọ́n bí kò jọ ìkankan nínú wọn. Ìdí tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀ tí kì í le bí ọṣẹ òyìnbó ni pé irú iyọ̀ tí eérú ewéko máa ń ní yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òyìnbó ń lò fún ọṣẹ tiwọn.

Omi eérú kan náà ni àwọn aláró ń lò. Láìsí i, èlú kò ní mú aṣọ dáadáa. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí ń ṣe àdìrẹ mọ èyí dájú. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni ó ń ran àwọ̀ lọ́wọ́ kí ó lè mú aṣọ, tí ó tún ń ran omi lọ́wọ́ kí ó lè yọ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ. Bí a bá wò ó dáadáa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aró àti àbàwọ́n kò ju pé a fẹ́ ọ̀kan, a kò fẹ́ èkejì.

Àwọn ìyá wa mọ bí ọṣẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọwọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní orí ìwé. Michel Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823 ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá nígbà tí a bá sè é di ọṣẹ. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé gbogbo ẹ̀yà ọṣẹ tíńtìntín ní orí àti ìrù. Orí fẹ́ràn omi, ìrù fẹ́ràn ọ̀rá. Nígbà tí a bá fi ọṣẹ ra epo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrù yóò wọ inú epo lọ, àwọn orí yóò dúró síta sínú omi, wọn yóò sì yí epo náà ká bí agbo ijó. Bí omi bá ń lọ, yóò gbé e lọ. Ìrù yẹn fẹ́ràn ọ̀rá nítorí pé ọ̀rá ni òun náà tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ ìyá ẹni bá wá mú ni nílé, a kì í bá a jà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú di èèwọ̀, epo àti ekùrọ́ ni àwọn oníṣòwò ń wá ní etíkun wa, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì ń fi í ṣe jù lọ ni ọṣẹ. William Lever gbé ọṣẹ Sunlight jáde ní àárín àwọn ọdún 1880, ó sì tẹ ìlú kan dó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1888, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Port Sunlight. Ní ọdún 1920 ó ra ilé-iṣẹ́ Niger Company. Ní ọdún 1923, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣe ọṣẹ, Àpápá ni wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ náà sí. Báyìí ni epo tí ó ti ń lọ sí òkè òkun lọ di ọṣẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ọṣẹ ní Èkó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì lù sí i lára.

Nígbà tí ó yá, ọṣẹ oníyẹ̀fun dé. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ ronú irú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí wọn kò rí ọ̀rá fi ṣe ọṣẹ mọ́. Nílẹ̀ wa, Omo ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù. Ó gbajúmọ̀ dé ibi pé, bí ìyá bá rán ọmọ ní Omo, irú ọṣẹ oníyẹ̀fun tí ó bá wù kí ọmọ náà rà bọ̀, ìyá kò ní sọ pé ó ṣì iṣẹ́ jẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Unilever Nigeria, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ Lever ti àtijọ́, kéde pé òun yóò yọwọ́ nínú òwò Omo, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ni lẹ́yìn 1923. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní Òkè-Odò tìtorí ìyẹn yí orúkọ tí ó ń pe ọṣẹ oníyẹ̀fun padà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ó kù. Ní ọdún 1906 ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹrù láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà náà kò ní kápẹ́ẹ̀tì kankan tí à ń sọ. Pákó tàbí irin ni ilẹ̀ wọn, rọ́bà ni wọ́n sì fi tẹ́ àwọn tí ó sàn díẹ̀. Bọ́ọ̀sì dáńfó títí di òní kò ní ju irin lọ, omi kan ṣoṣo sì ni awakọ̀ ń dà sí i. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba owó Údójì, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Badagry, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ni ó ra ọkọ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá. Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n rà, ọwọ́ wọn sì ni àbàwọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1986 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà wó, ọkọ̀ tuntun sì kúrò ní ohun tí olùkọ́ lè máa nawọ́ sí. Ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò rí ni ó kún ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Kùtọnu wọlé. Ọgbọ́n tí ó wà nínú orúkọ tí a sọ wọ́n kọjá àwàdà. Tòkunbọ̀ ni à ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a wá gbé bọ̀ wálé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í wá lófo. Ó ti gbọ́ èdè ibòmíràn, ó ti jẹ oúnjẹ ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ ṣe ń gbé àbàwọ́n ilẹ̀ mìíràn bọ̀ nínú kápẹ́ẹ̀tì: kọfí tí ẹnì kan dà sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, irun ajá, àti funfun iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì ní ìgbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Afọkọ̀ ní Òkè-Odò tí kò rí yìnyín rí ní láti mọ bí a ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ iyọ̀ yìnyín.

Kápẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe òwú. Náílọ́ọ̀nù ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tí Wallace Carothers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe awari ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Àwọn mìíràn jẹ́ polypropylene. Ìwà wọn kò dọ́gba, ó sì yẹ kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Náílọ́ọ̀nù fẹ́ràn àwọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa tí ọmọdé bá dà sí i lè wọ inú rẹ̀ lọ bí ìgbà tí a rẹ ẹ́ ní aró. Polypropylene kò ka àwọ̀ ọtí sí rárá, ṣùgbọ́n inú epo rọ̀bì ni a ti mú un jáde, ó sì mọ ẹbí rẹ̀: bí epo bá kán sí i, ó di mímú.

Mo ti dúró wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fọ ọkọ̀ létí títì yẹn. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò: wọn a da ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ sí orí ohunkóhun tí wọ́n bá rí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àbàwọ́n. Wọn a tẹ̀ ẹ́ wò, wọn a gbóòórùn rẹ̀, wọn a bi onímọ́tò ní ohun tí ó gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka iṣẹ́ yìí sí, bí wọn kò ti ka iṣẹ́ alágbàfọ̀ sí nígbà kan. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìbéèrè tí wọ́n ń bi onímọ́tò yẹn àti èyí tí adáhunṣe ń bi aláìsàn kí ó tó já ewé.

Ilẹ̀ pupa, fún àpẹẹrẹ. Ohun tí ó mú un pupa ni ìpẹtà irin tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fa ekuru rẹ̀ jáde. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ẹ ó fi omi ọṣẹ pa. Bí pupa rẹ̀ bá ṣì kọ̀ láti lọ, omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí kíkan rẹ̀ ń tú ìpẹtà. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọn a da háípò sí i. Àṣìṣe ńlá ni. Háípò kì í ba ìpẹtà jà, ńṣe ni ó ń mú un le sí i. Kápẹ́ẹ̀tì ni yóò bá jà, yóò bó àwọ̀ rẹ̀, yóò sì sọ náílọ́ọ̀nù rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ẹ̀jẹ̀ àgbò ń fẹ́ omi tútù. Omi gbígbóná yóò sè é mọ́ ojú ibẹ̀ bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò. Àwọn alápatà ti mọ èyí tipẹ́. Obì wà lára àwọn tí ọṣẹ dúdú kò lè ràn lọ́wọ́: ohun tí ó mú obì korò lẹ́nu ni ó ń rẹ aṣọ ní àwọ̀ igi, omi eérú tí ó wà nínú ọṣẹ sì máa ń mú kí ó dúdú sí i. Ohun kíkan díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́, ni a ó kọ́kọ́ fi pa á, kí ọṣẹ tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ ní tààrà. Àwọn ènìyàn ń fi pẹtiróòlù bọ́ ọ́ìlì àti gírísì lára kápẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé ó ń bọ́ ọ. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Paris fi dá iṣẹ́ fífọ aṣọ láìlo omi sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iná sì jó irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó wá ohun mìíràn. Afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà kì í fò lọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an ni ó máa ń dùbúlẹ̀ sí, ibi tí ọmọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ tí ó sì tẹ orí ba. Iná wáyà kan péré ti tó. Ẹni tí ó fún un ní iṣẹ́ náà ṣe, tí ó sì ra pẹtiróòlù fún un, kò dára tó. Omi ọṣẹ líle díẹ̀ àti àkísà gbígbẹ yóò bọ́ gírísì náà. Yóò pẹ́ ni.

Ìyọnu mìíràn wà tí mo máa ń pè ní àbàwọ́n àbíkú. A fọ kápẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ tónítóní, onímọ́tò sanwó, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, àbàwọ́n náà ti padà dé sí ojú kan náà. Kì í ṣe àjẹ́. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní tìmùtìmù kan tí ń mu omi. Bí a bá da omi púpọ̀ sí i, omi yóò gbé ìdọ̀tí lọ sí ìsàlẹ̀; bí ó bá sì ti ń gbẹ láti òkè, ìdọ̀tí yóò máa bá omi gun orí irun kápẹ́ẹ̀tì padà, bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ọṣẹ tí a kò fi omi yọ tán tún burú: yóò máa di ekuru mú. Ní ìgbà òjò ní Èkó, tìmùtìmù náà lè má gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò hu ebu, yóò sì máa rùn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni omi kékeré, ọṣẹ kékeré, àti aṣọ gbígbẹ tí a ó máa tẹ̀ mọ́ ọn léraléra. Láti etí àbàwọ́n ni a ó ti máa bọ̀ wá sí àárín, kí ó má bàa tàn kálẹ̀. Bí a bá parí, kí a tún fi aṣọ gbígbẹ bò ó, kí a gbé nǹkan tí ó wúwo lé e mọ́jú.

Kí n má gbàgbé àwọn tí ń ra ọkọ̀. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ rà kì í wo ojú kápẹ́ẹ̀tì, ṣíṣí ni ó ń ṣí i. Bí ó bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ ní kọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, tàbí tí ìdí àga ti dípẹtà, ó mọ̀ pé àgbàrá ti wọ inú ọkọ̀ náà rí, ì báà jẹ́ ní Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ ní Èkó. Kò sí afọkọ̀ tí ó lè fọ ìyẹn. Àwọn oníṣòwò kan ń fọ ojú kápẹ́ẹ̀tì dáadáa láti fi bo abẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ tí ó fọ̀ ọ́ ni ó jẹ èrè ẹ̀tàn náà.

Epo ni mo fi sí ìparí, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní Òkè-Odò. Kẹ́ẹ̀gì ń ṣubú nínú bùútù, ìdérí rẹ̀ ń tú, epo ń ṣàn dé abẹ́ àga ẹ̀yìn. Wọ́n ní bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń rí. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò ní ra á. Yóò fi ṣíbí há èyí tí ó bá há, yóò da gààrí tàbí ìyẹ̀fun gbígbẹ lé èyí tí ó kù kí ó lè fà á mu, yóò gbá a kúrò, yóò tó wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ kàn án. Ọ̀rá rẹ̀ yóò lọ. Pupa rẹ̀ kì í sábà lọ tán. Ohun tí ó mú epo pupa ni ohun kan náà tí ó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, ọṣẹ kò sì ní agbára lórí rẹ̀ púpọ̀. Iná ní agbára lórí rẹ̀: gbogbo obìnrin tí ó bá se ọbẹ̀ ayamáṣe rí ni ó mọ̀ pé bí epo bá pẹ́ lórí iná, pupa rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé kápẹ́ẹ̀tì kaná? Oòrùn ni ó kù. Àwọn ìyá wa ń sá aṣọ tí epo ta sí sórí koríko, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní etí títì Òkè-Odò, ọmọkùnrin náà yóò sọ fún onímọ́tò pé kí ó lọ jókòó. Yóò yí ọkọ̀ náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọjú sí oòrùn, yóò ṣí bùútù àti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu, yóò sì bọ́ sídìí ọkọ̀ mìíràn. Bí oòrùn bá mú dáadáa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò ti ṣá.